Iná Pápá ní Èkìtì: Ìbéèrè Tí Àgbẹ̀, Ọdẹ àti Onílẹ̀ Máa Ń Bi Wá

Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró lọ́dọọdún, àwa mélòó kan máa ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn ní Èkìtì láti bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ iná. Àwọn kan nínú wa kẹ́kọ̀ọ́ nípa igbó ní yunifásítì, ọdẹ ni àwọn kan, ọmọ olóko kòkó sì lèmi. Iṣẹ́ wa kò ju pé ká gbé ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti rí nípa iná dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń roko, ká sì gbé ohun tí ẹni tó ń roko mọ̀ padà tọ̀ wọ́n lọ. Ní ààfin, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àti nídìí agbè ẹmu la ti gbọ́ àwọn ìbéèrè wọ̀nyí. Bí wọ́n ṣe bi wá náà la ṣe kọ ọ́.

Iná tí a fi ń sunṣu náà ni iná. Kí ló dé tí t'ìgbà ọyẹ́ fi ń ya wèrè?

Iná, tàbí uná bí a ṣe ń pè é nílé, kò ní agbára kankan lẹ́yìn ohun tó rí jẹ. Nígbà òjò, omi ló kún inú ewé àti koríko. Iná ní láti kọ́kọ́ lé omi yẹn jáde kó tó lè jó o, ibi tó ti ń bá omi jà ló sì máa ń kú sí. Nígbà ọyẹ́, atẹ́gùn láti aṣálẹ̀ Sàhárà, ní ìhà àríwá òun ìlà-oòrùn, ti bá iná ṣe iṣẹ́ yẹn tán. Ètè yín tó ń là ti sọ fún yín.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí ni bí koríko ṣe ń yára gbẹ. Igi ńlá tó ṣubú lè lo oṣù mélòó kan kó tó gbẹ dé inú. Koríko tó tín-ín-rín kò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ lẹ́yìn tí oòrùn bá ti mú. Pápá tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀ láago méje àárọ̀ lè di ẹ̀tù ìbọn kó tó di ọ̀sán. Ẹni tó dáná sí pàǹtí oko láàárọ̀, tó rí i pé kò jó dáadáa, tó wá lọ jẹun, òun gan-an ló ń padà bọ̀ wá bá ariwo.

Wọ́n ní iná ń sáré gòkè ju bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ yìí sì kan àwa ọmọ olókè ju ẹnikẹ́ni lọ. Bí iná bá ń gun òkè, ọwọ́ rẹ̀ máa ń tẹ̀ síwájú, ooru rẹ̀ á ti yan koríko tó wà lókè gbẹ kó tó dé ibẹ̀. Òṣùwọ̀n tí àwọn tó ń ṣe ìwádìí iná ń lò ni pé bí ilẹ̀ bá fi dígírì 10 dagun, iná á fi ìlọ́po méjì yára. Bí ó bá di dígírì 20, ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ wo àwọn òkè tó yí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ká, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ àwọn àpáta Ìkẹ́rẹ́, kí ẹ sì ro ohun tí iná kékeré tó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ibẹ̀ lè dà.

Ọdẹ àgbà kan sọ ọ́ fún wa kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó yọ ìwé jáde: "Ẹni tí iná ń lé kì í sá gòkè." Ohun kan náà ni.

Bàbá wa sungbó, bàbá bàbá wa sungbó, ilẹ̀ kò bàjẹ́. Kí ló wá yí padà?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí ẹni tó bi í kò purọ́. Àwọn bàbá wa sungbó lóòótọ́, iná wọn kò sì rìn jìnnà. Igbó kìjikìji ló yí oko wọn ká. Abẹ́ igbó bẹ́ẹ̀ tutù, oòrùn kì í débẹ̀, ewé tó wà nílẹ̀ máa ń lọ́rinrin títí kan àárín ọyẹ́. Bí iná bá jáde kúrò lóko, ẹnu igbó ló ń kú sí. Igbó fúnra rẹ̀ ni ẹ̀ṣọ́ wọn. Ilẹ̀ sì ń sinmi fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó tún padà sí i.

Lónìí, oko ló kan oko. Ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ kó sinmi fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta kì í di igbó, ewé Akíntọ́lá ló ń gbà á. (Akíntọ́lá la mọ̀ ọ́n sí nílé wa, Awólọ́wọ̀ ni wọ́n ń pè é níbòmíràn. Ẹ má mú mi dá sí ìjà yẹn.) Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ewé yìí ti wá, kì í ṣe ewé ilẹ̀ wa, kò sì tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún tó dé Nàìjíríà. Nígbà òjò, ó tutù yọ̀yọ̀. Nígbà ọyẹ́, igi rẹ̀ gbẹ pátápátá, ó sì dúró gangan, afẹ́fẹ́ sì ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá fẹ́ to igi ìdáná, bẹ́ẹ̀ náà lẹ ó ṣe tò ó.

Èkan ni ìkejì. Èkan fẹ́ràn iná. Gbòǹgbò rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, iná pápá tó ń sáré kọjá kì í sì gbóná dé ìsàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá a du oòrùn ló jóná. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, òun ló máa kọ́kọ́ yọrí. Nítorí náà ẹni tó ń sun oko lọ́dọọdún torí èkan, èkan ló ń bọ́.

Ṣé eérú kì í ṣe ajílẹ̀ ni?

Ajílẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í pẹ́. Eérú ní pọ́táṣì àti kálísíọ́mù nínú, ó sì ń dín kíkan ilẹ̀ kù, ìdí nìyẹn tí ọdún àkọ́kọ́ fi máa ń dára. Nítírójìn, tó ń mú ewé tutù dáadáa, ti bá èéfín lọ. Èyí tó kù nílẹ̀, bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òkè tí kò ní ewé lórí mọ́, odò ló ń kó o lọ. Ẹ lọ wo àwọ̀ omi odò yín lóṣù kẹrin.

Onímọ̀ kan ní ká má sun rárá. Òmíràn ní ká sun ún níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀rùn. Èwo ni ká gbọ́?

Àwọn méjèèjì lè jàre. Ó di ibi tí ilẹ̀ yín wà.

Ní ọdún 1929, àwọn òṣìṣẹ́ igbó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní igbó ọba Olókemèjì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Wọ́n pín ilẹ̀ sí mẹ́ta. Wọ́n ń sun ọ̀kan lọ́dọọdún níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀rùn, nígbà tí koríko kò tíì gbẹ tán. Wọ́n ń sun ìkejì ní ìparí ẹ̀rùn, nígbà tí gbogbo nǹkan ti gbẹ kanrankanran. Wọn kò jẹ́ kí iná dé ìkẹta rárá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń ka igi. Ilẹ̀ tí wọ́n sun ní ìparí ẹ̀rùn di koríko, àwọn igi díẹ̀ tí èèpo wọn nípọn tó láti fara da iná ló kù níbẹ̀. Èyí tí iná kò dé padà di igbó. Èyí tí wọ́n sun níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀rùn wà láàárín méjèèjì: igi wà níbẹ̀, koríko náà wà.

Inú máa ń bí mi bí mo bá ń sọ ìtàn yìí. Láti Adó dé Olókemèjì kò tó ìrìn ọjọ́ kan nínú ọkọ̀, ilẹ̀ Yorùbá sì ni. Ó ti ń súnmọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn onímọ̀ kárí ayé ń tọ́ka sí i nínú ìwé wọn. Nínú gbogbo àgbẹ̀ tí mo ti bi léèrè ní Èkìtì, kò tíì sí ẹnì kan tó gbọ́ ọ rí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, inú ìwé ló sì wà. Bí ìmọ̀ ṣe ń jóná láìsí iná nìyẹn.

Bí a ṣe ń túmọ̀ rẹ̀ fún Èkìtì nìyí. Ní gúúsù, níbi tí kòkó, obì àti igbó ṣì wà, bíi Ìṣẹ̀, Ẹ̀mùrẹ́ àti Ìkẹ́rẹ́, iná kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe níbẹ̀. Èèpo kòkó tín-ín-rín. Iná tí kò ga ju orúnkún lọ lè pa igi tó ti ń so. Inú igbó ọba Ìṣẹ̀ ni àwọn ìnàkí tó ṣẹ́ kù fún wa lápá ibí ń gbé, wọn kò sì ní ibòmíràn láti sá lọ. Ní àríwá, lọ́nà Òmùò, Ìkọ̀lé àti Ọ̀tùn, níbi tí ilẹ̀ ti ń di ọ̀dàn, pápá máa jó lọ́nà kan tàbí òmíràn. Níbẹ̀, ó sàn kí ìlú fẹnu kò láti sun ojú ibi tó yẹ níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀rùn, pẹ̀lú ìṣọ́ra, kí iná oṣù kejì má bàa rí nǹkan jẹ. Igi irú àti emi lè fara da irú iná bẹ́ẹ̀. Iná oṣù kejì yóò jó òdòdó àti ọmọ wọn dànù.

Ṣé àwọn òyìnbó kì í pa gbogbo iná ni? Kí ló dé tí àwa náà kò kàn ṣe bẹ́ẹ̀?

Wọ́n dán an wò. Lẹ́yìn iná ńlá ọdún 1910 tó jó ọ̀kẹ́ àìmọye sarè igbó ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ igbó wọn mú un lọ́rọ̀ kunkun pé iná kankan kò gbọdọ̀ jó. Nígbà tó di 1935, òfin wọn ni pé iná tí wọ́n bá rí lónìí, kó ti kú kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀ ọ̀la. Ó dà bí ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n ewé àti igi gbígbẹ tí iná kéékèèké ì bá ti máa jẹ díẹ̀díẹ̀ ń kó jọ sábẹ́ igbó, ọdún lórí ọdún. Ìgbà tí iná wá dé, kò ṣe é pa. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ ti ń fi iná kékeré tọ́jú igbó tipẹ́ kí òyìnbó tó dé, wọ́n sì ti fòfin dè wọ́n.

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ló kàn wá. Ní 1998, ìjọba wọn dá ètò ìwádìí iná kan sílẹ̀, Joint Fire Science Program. Àwọn tó ń darí rẹ̀ wá rí i pé ìwádìí ń pọ̀, ẹni tó ń ṣọ́ igbó kò sì rí i kà. Ni wọ́n bá tún dá ẹ̀ka 15 sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè náà, tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n mú onímọ̀, onílẹ̀ àti ará ìlú jókòó pọ̀, kí wọ́n sì jọ rìn nínú oko tó jóná. Ní àríwá Australia, láti 2006, àwọn ọmọ onílẹ̀ àti àwọn onímọ̀ jọ ń sun pápá Arnhem Land níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀rùn, bí àwọn baba ńlá wọn ṣe ń ṣe é, iná ńlá ìparí ẹ̀rùn sì ti dín kù. Olókemèjì ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún wa tipẹ́.

Ẹ ní sátẹ́láìtì ń rí iná. Ṣé ó lè rí ẹni tó dá a?

Kò lè rí i, ẹ fọkàn balẹ̀. Ooru ló ń rí. Irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ VIIRS wà lára sátẹ́láìtì mélòó kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì máa ń gba orí wa kọjá, lẹ́ẹ̀kan lọ́sàn-án, lẹ́ẹ̀kan lóru. Ó pín ilẹ̀ sí ojú kọ̀ọ̀kan tó fẹ̀ tó mítà 375. Bí ooru ojú kan bá ju ti àyíká rẹ̀ lọ gan-an, yóò fi àmì pupa síbẹ̀. NASA, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe ìwádìí òfurufú, ń gbé gbogbo rẹ̀ sórí FIRMS, àwòrán ilẹ̀ iná wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lọ́fẹ̀ẹ́, nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn tó rí i. Ọmọ tó ní fóònù ní Ìkọ̀lé lè wò ó, ó sì lè fi orúkọ sílẹ̀ kí wọ́n máa fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe olùṣọ́ oko. Iná tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tó kọjá tán, tó sì kú kó tó padà dé, kò mọ̀ ọ́n. Kò rí ohun tó wà lábẹ́ ìkùukùu. Ibi tó ti wúlò ni pé bí a bá kó àmì ọdún márùn-ún jọ, a ó mọ ojú ọ̀nà tí iná máa ń gbà lọ́dọọdún. Ìgbà tí a kọ́kọ́ fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ han àwọn ọdẹ ìlú kan, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn fi ìka tọ àwọn àmì náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: ibí yìí, àwọn tó ń kó oyin ló gbàgbé ògùṣọ̀, ibí yìí, etí títì, ìdí sìgá, ibí yìí, darandaran tó ń wá koríko tútù, ibí yìí, àwa fúnra wa. Sátẹ́láìtì mọ ibi tí iná ti jó, kò mọ ohun tó fà á. Ọdẹ mọ̀ ọ́n.

Ọdẹ ni wá. Ṣé ẹ fẹ́ gba oúnjẹ ẹnu wa ni?

Rárá. A mọ̀ pé pápá tó jó ń lé ọ̀yà jáde. A tún mọ̀, ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n jù wá lọ, pé ọ̀yà tó lóyún kò lè sáré, pé ọmọ ẹran kì í jáde, àti pé ọdún mẹ́ta tí ẹ bá fi sun ibì kan náà, ẹ ó máa rìn jìnnà sí i kí ẹ tó rí ohun tí ẹ ó yìnbọn sí. Ìlú kan tí a dé, àwọn ọdẹ ló fúnra wọn pín pápá sí ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n ń fi ọ̀kan sílẹ̀ lọ́dọọdún. Kò sí onímọ̀ kankan tó kọ́ wọn.

Ta ló ni ọ̀rọ̀ iná nínú ìlú?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń há. Nínú ìwé òyìnbó, "ẹni tó ń ṣàkóso ilẹ̀" jẹ́ òṣìṣẹ́ kan tó wọ aṣọ iṣẹ́. Ní Èkìtì, olórí ẹbí ló ni ilẹ̀, ọmọ rẹ̀ tó wà l'Ékòó ló ń gba owó rẹ̀, alágbàṣe ló ń ṣán an, obìnrin ló ń ṣa èkùrọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ kò sì láṣẹ láti gbin igi tó ń pẹ́ sórí ilẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn, torí igi ni ẹ̀rí ẹni tó ni ilẹ̀. Ẹni tí kò ní igi kankan lórí ilẹ̀, kí ni yóò bà á lẹ́rù bí iná bá jó o? Mo gbà pé ọ̀rọ̀ yìí ń dá iná sílẹ̀ ju àìmọ̀kan lọ. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kò gbà fún mi tán.

Torí náà, bí ẹ bá fẹ́ ṣèpàdé iná, ẹ má pe kìkì àwọn olóyè. Ẹ pe àwọn tó ń dáná.

Báwo ni ààlà iná ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó?

Ó kéré tán, mítà mẹ́ta sí márùn-ún yí oko kòkó ká, kí ẹ sì gbá a dé orí erùpẹ̀. Ṣíṣán nìkan kò tó, koríko tí a ṣán tí a fi sílẹ̀ níbẹ̀ tún yá láti jó ju èyí tó dúró lọ. Bí koríko ìta bá ga ju ènìyàn lọ, tàbí tí oko yín bá wà lórí òkè tí pápá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ mú un fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Parí rẹ̀ kí oṣù kejìlá tó dé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a gbìn létí ààlà ń ran ni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ gbígbẹ kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sun pàǹtí oko mi. Báwo ni kí n ṣe é?

Ẹ sọ fún àwọn tí oko yín jọ pààlà, ní ọjọ́ kan ṣáájú. Ẹ kó pàǹtí jọ sí òkìtì kéékèèké láàárín oko, kó jìnnà sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ ti rọlẹ̀. Ẹ sọ erùpẹ̀ díẹ̀ sókè kí ẹ rí ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí iná lè máa jó padà kọjú sí atẹ́gùn díẹ̀díẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ìhà gúúsù òun ìwọ̀-oòrùn oko ló sábà máa ń jẹ́. Kí pọ́ńpù tí ẹ fi ń fín oògùn wà nítòsí, omi ni kó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì ti fọ̀ ọ́ dáadáa. Kí ẹ̀ka eléwé tútù náà wà. Bí ẹ bá rí i pé ewé ń fò sókè pẹ̀lú iná lára, ẹ pa á, kó di ọjọ́ mìíràn.

Bí iná bá ká ènìyàn mọ́ ńkọ́?

Ibi tó ti jó tán ni kí ẹ wá lọ, iná kò ní ohun tó tún fẹ́ jẹ níbẹ̀. Ẹ má sá wọ inú koríko, ẹ má sá gòkè. Ẹ fi aṣọ òwú bo imú, ọ̀rá kò dára torí ó ń yọ́ mọ́ ara. Ẹ pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì.

Kí la fi ń pa ojú iná lára?

Omi tútù tó ń ṣàn, fún ogún ìṣẹ́jú. Kì í ṣe epo, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín. Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá wa sọ ọ́ yìí, ṣé ẹ kì í sun oko tiyín?

Mò ń sun ún. Iná ẹnì kan tí oko wa jọ pààlà ló jó kòkó bàbá mi, mo ṣì kéré nígbà náà. Ọkùnrin náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó sun pàǹtí rẹ̀ lálẹ́, ó rí i pé ó kú, ó lọ sùn. Iná kú, ó feérú bojú. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni atẹ́gùn ṣí eérú náà.

Òkìtì mẹ́rin ni mo sun lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí ọwọ́ iná wálẹ̀, mo fi ọkọ́ tú eérú náà ká, mo da omi sí i, mo tún un tú. Lẹ́yìn náà mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ mi kan án, ní òkìtì kọ̀ọ̀kan. Ìkẹta ṣì gbóná nísàlẹ̀. Mo tún lọ pọnmi lódò nínú òkùnkùn, ìyàwó mi ń pè mí lórí fóònù pé iyán ti tutù.